Ṣúgà Tó Wà Léjìká Àtàndá

Ọdún kejìlélógún rèé tí Àtàndá, ọmọ Ìsẹ́yìn, ti ń gbẹ́rù ní Mile 12. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni tirẹ̀: kó gbà á lẹ́yìn tírélà, kó gbé e dé ìsọ̀ oníbàárà, kó tún sáré padà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ tó o bá ní kó lọ sinmi, o ti bú u nìyẹn.

Kókó kan yọ sí i nítan. Ó ní iṣan ló fà. Nígbà tó tó ẹyin, tó tún tó ọsàn, Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀ wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Gbàgádà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀. Sẹ̀kínát ti fẹ́ pe ẹbí sí àdúà ọpẹ́, ṣùgbọ́n Dókítà Ṣọlá Adékọ̀yà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, ní ọkàn òun ò balẹ̀.

"Daddy, kókó yìí tóbi. Apá kan lè sùn nínú ẹ̀, kí apá kejì máa jà. Ó lè jẹ́ ibi tó sùn la gún."

Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń ya àwòrán méjì, tó sì ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Ọ̀kan á fi bí ẹran àti egungun ṣe tò hàn. Wọ́n á gún ṣúgà sí i lára, èkejì á sì fi ibi tó ń jẹ ẹ́ hàn, torí jẹjẹrẹ kì í jẹ ṣúgà ní kékeré. Ibi tó bá ń jẹ ẹ́ jù ni wọ́n á gún.

"Tó bá jẹ́ itan nìkan ló wà, a máa gé e kúrò. Tó bá ti ràn, ọ̀bẹ ò wúlò mọ́. Ẹ má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà o, ẹ má sì fọwọ́ kan iṣẹ́ agbára láti ọjọ́ méjì ṣáájú."

Ebi ò ni Àtàndá lára. Ìjókòó ló ṣòro. Nídàájí ọjọ́ náà, ó ní òun ń lọ kírun àsùbáà. Mọ́sálásí wo? Ọjà ló gbà lọ! Ó ti gbọ́ pé àwọn alábàárù ń sọ pé tòun ti parí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ń ta á lára. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó bọ́jú, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí Gbàgádà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àgbààyà!

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ṣúgà, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí dókítà pe tọkọtaya náà wọlé, àwòrán ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Èjìká méjèèjì ń tàn yòò. Ọrùn ń tàn. Itan méjèèjì ń tàn. Kókó yẹn gan-an ò hàn dáadáa mọ́.

"Daddy, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ agbára lónìí ni?"

"Rárá o. Ẹ bi ìyàwó mi."

Sẹ̀kínát ní bẹ́ẹ̀ ni, ìrun nìkan ló gbé e jáde.

Dókítà yíjú sí àwòrán náà. "Iṣan tó bá ṣiṣẹ́ máa ń jẹ ṣúgà báyìí. Tí kì í bá ṣe iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti ràn."

"Yéè! Mo gbé!" Sẹ̀kínát káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti Àtàndá ò lò tó wákàtí mẹ́fà. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ tó bá panu mọ́, wọn ò ní gbé ọ̀bẹ kankan sí i, á sì fi irọ́ ìrun pa ara rẹ̀.

"Tòmátì ni," ó wí. "Apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ. Mi ò dé mọ́sálásí."

Sẹ̀kínát gbójú sókè. "Bàbá Ládé, ẹ má tàn mí. Ẹ kàn fẹ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni."

Ó búra, ó dárúkọ àwọn oníbàárà tó gbé e fún, obìnrin náà ò gbà. Dókítà ní àwọn á tún àwòrán náà yà, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi dúró de abẹ́rẹ́ ṣúgà mìíràn, Sẹ̀kínát ò sì lè jẹun. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì í. Inú yàrá ni Àtàndá ti ń kírun.

Àwòrán kejì jáde. Dókítà fìka tọ́ ọ. Apá tó pọ̀ jù nínú kókó náà ṣókùnkùn. Igun kan péré, nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, ló ń pọ́n bí ẹyín iná. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò débẹ̀.

"Ibí la máa gún. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó jọ nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni. A lè gé e."

"Èjìká ńkọ́?" Sẹ̀kínát bi í.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Mummy."

Sẹ̀kínát sún mọ́ àwòrán náà títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó wá fò sókè, ó dì mọ́ dókítà.

"Alihamudulilai! Kò kírun! Lóòótọ́ ni ọkọ mi ò kírun!"