Arlene Voskuil àti Díákónì lórí Òkè Tolliver

Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Arlene Voskuil. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Nebraska, kò sì sí ọmọ kan tó fara pa lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ta ilé rẹ̀, ó ra ọkọ̀ ńlá tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti balùwẹ̀. Òun àti ológbò dúdú kan tó ní àmì funfun lọ́rùn bíi kọ́là àlùfáà ni wọ́n jọ kó wọ inú rẹ̀. Nítorí àmì funfun yẹn ló ṣe sọ ọ́ ní Díákónì. Ológbò náà kò ní ìwà díákónì kankan.

N kò ní parọ́, Arlene le. Bó ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, bí ẹni pé gbogbo àwa tí a jọ wà ní ibùdó ọkọ̀ ṣì jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni.

Janelle ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ kó máa wakọ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, Arlene gbéra ní ibùdó kan tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sùn sí ní Kansas láì yọ rọ́bà tó ń fa omi wọ ọkọ̀, ó sì fa ẹ̀rọ omi onílé tu. Janelle ní kó ṣèlérí: bó bá tún gbàgbé ohun kan péré, yóò fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Arlene ṣèlérí náà. Ó wá kọ nǹkan méjìdínlógún tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kò sì ní gbéra láì fàmì sí gbogbo wọn. Àkọ́kọ́ ni: Díákónì wà nínú ọkọ̀.

Láàárín àwa tí a ń gbé inú ọkọ̀, bí ẹnìkan bá ń yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò kó tó gbéra, a kì í bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dá a lẹ́nu ló ni ẹ̀bi ohunkóhun tó bá gbàgbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ní ibùdó wa ní ẹsẹ̀ òkè Tolliver, Arlene fàmì sí ti Díákónì, ó sì bọ́ síta láti yẹ táyà wò. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ológbò jáde, ó gba ara igi kan gun orí òrùlé ọkọ̀, ó sì nà gbalaja sínú oòrùn.

Dewey Strand, aládùúgbò wa, rí i. Ó lọ bá Arlene, àmọ́ bó ṣe fẹ́ lanu ni obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè láì wojú rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tún gbìyànjú, ọwọ́ tún lọ sókè. Dewey padà sẹ́yìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tiwa yìí rọra dúró síbẹ̀, ó ń retí kí obìnrin náà parí. Arlene parí, ó wọlé, ó sì tẹná sí ọkọ̀.

Dewey sáré tẹ̀ lé e, ó ń ju apá méjèèjì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ ni a máa ń juwọ́ sí? Arlene juwọ́ padà.

Èmi àti Dewey bẹ́ sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀. A ń fọn fèrè, a ń tan iná, a ń gun òkè náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ohun tó wá dá a dúró kò ju pé ó rò pé a fẹ́ kọjá, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí àwọn tó ń rọra lọ máa ń yà sí.

Orí ló kó Díákónì yọ. Ó lẹ̀ mọ́ ìdérí ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń gbọ̀n. Ó ya Dewey lọ́wọ́ kó tó gbà kí wọ́n gbé òun sọ̀kalẹ̀.

Arlene gbé e mọ́ àyà. Ó béèrè lọ́wọ́ Dewey bóyá ó ti rí i kí òun tó gbéra.

“Mo rí i,” Dewey dáhùn. “Mo fẹ́ sọ, ẹ fi ọwọ́ lé mi padà.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì,” Arlene wí.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹ gbọ́, Arlene, àwa mẹ́ta la wà níbí. Ológbò ò lè pe Janelle.”

Arlene kò rẹ́rìn-ín. “Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ló wà lórí òrùlé yẹn ńkọ́?”

Ó fa fóònù yọ, ó pe Janelle, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń béèrè bóyá ológbò wà dáadáa.

“Òun wà dáadáa,” ni Arlene wí. “Èmi ni mi ò wà dáadáa. Wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.”

Dewey ló wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lódì kejì òkè, èmi sì wa píkọ́ọ̀pù tẹ̀ lé wọn. Dewey ló sọ ohun tó kù fún mi lẹ́yìn náà. Arlene gbé ológbò lé itan, ó tẹjú mọ́ títì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ ní gbogbo kọ́nà, ó ń wá bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.