Fìlà Àáfà àti Hìjáàbù Ọmọ Rẹ̀

Òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, pẹ̀lú òórùn àkàrà gbígbóná tí àwọn ìyá ọmọ fi bébà wé wá láti ilé. Yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé ni, ní ilé ìwòsàn tí mo ti kọ́ṣẹ́ dókítà n'Ílọrin. Tanke ni mo ń gbé nígbà náà, ìwé kan sì wà lọ́wọ́ mi tó kún fún àwòrán àwọn ọmọ tí wọ́n bí àìsàn ìdílé mọ́, tí èèyàn lè fi ìrísí wọn dá a mọ̀: ọmọ tí ìlà kan ṣoṣo dábùú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe kà á tán ni ojú mi ò gbébìkan mọ́. Tí ìyá kan bá gbé ọmọ wọ kẹ̀kẹ́, etí ọmọ náà ni màá máa wò ṣáá, títí ìyá á fi fa ìborùn bò ó, tí á wò mí bí ẹni tó rí gbọ́mọgbọ́mọ.

Lọ́jọ́ kan, àáfà kan tó ní ilé-kéwú nítòsí ọjà Ipata mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún méje. Ó kọ etí ọ̀tún sí ọ̀gá wa, obìnrin àgbà tó ń kọ́ wa níṣẹ́.

"Dókítà, ọmọ yìí lágídí. Tó bá wù ú, á dáhùn. Tí kò bá wù ú, kéèyàn pè é títí, kò ní bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kọjá rẹ̀ nínú kéwú. Tí ẹ bá ní kò sí nǹkan tó ṣe é, màá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kó máa bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé."

Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, inú mi sì dùn. Mo wo àtẹ́lẹwọ́, mo wo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra díẹ̀, ni mo bá to orúkọ àìsàn mẹ́ta kalẹ̀, kò sì sí èyí tó bá a mu. Ọ̀gá yíjú sí bàbá ọmọ.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo irun orí rẹ̀."

Irun dúdú la rí nígbà tí hìjáàbù kúrò. Àmọ́ níwájú orí, ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù funfun bí òwú. Àáfà ní ìyá rẹ̀ ló ń fi dáì kùn ún, torí àwọn ọmọdé ń pè é ní ìyá àgbà. Ọ̀gá lọ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ò mira. Ìgbà tó pàtẹ́wọ́ gidi ló tó yí orí, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni ló sì kọjú sí.

"Kì í ṣe agídí," ni ọ̀gá wí. "Irun yìí àti ojú tó jìnnà síra, tí wọ́n bá pàdé lára ọmọ, etí ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ẹnu yín ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí ẹ sọ. Inú ìdílé ló ti ń wá. Ta ló tún ní irun báyìí nílé?"

Àáfà ṣí fìlà. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fá orí, Ọjọ́rú la sì wà. Irun tó ti hù díẹ̀ dúdú yí ká, àfi ojú kan níwájú tó funfun.

"Bàbá mi náà ní in. Alùbáríkà là ń pe irun náà."

Ọ̀gá bi í nípa etí òsì, torí ọ̀tún nìkan ló ń kọ sí wa. Ó ní láti kékeré ni òun ò ti ń fi í gbọ́ nǹkan.

"Mo ti nà án, Dókítà," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ náà mú kó lè rí ẹnu òun, ó sì rọra ń bẹ̀ ẹ́. Àánú wọn ṣe mí. Ojú sì tì mí, torí orúkọ àìsàn ni mo ń wá látàárọ̀.

Lọ́dún kejì, mo lọ ra ìrẹsì ní Ipata, mo sì yà kí Àáfà àti ọmọ rẹ̀ ní ilé-kéwú. Òórùn tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ kéwú sára wàláà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àáfà ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ọmọ lòun máa ń rìn kiri tòun ti pàṣán. Ní báyìí, ó ti tẹ́ ẹní síwájú wọn. Iwájú gan-an ni ọmọ náà jókòó sí, wàláà lórí itan, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí, irun funfun náà yọ díẹ̀ lábẹ́ hìjáàbù, kò sí dáì mọ́. Inú mi dùn, mo sì ń kí i, àmọ́ wàláà àwọn tó kù ni mo kọjú sí.

"Àǹtí," ló wí, "ẹ kọjú sí mi, kí n lè gbọ́ yín."

Mo kọjú sí i. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yòówù tí wọ́n bá mú wọlé tọ̀ mí wá, mo máa ń jókòó síbi tó ti lè rí ẹnu mi, kí n tó wo ohunkóhun lára rẹ̀.