Igi Ìbọn Einar Lindahl

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Arlo Tveit jẹ́, ẹ bi Darlene ìyàwó rẹ̀ léèrè ibi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ wà. Inú gáréèjì ni, nínú òtútù Minnesota, nítorí pé ìbọn ló gba yàrá abẹ́ ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Mọ́kànlá ni wọ́n, gbogbo wọn ìbọn sójà Amẹ́ríkà láti ìgbà ogun àgbáyé méjèèjì. Arlo fọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó tí wọ́n dúró sí, ó ń fi òróró nù wọ́n, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kan irin wọn. Ọkùnrin náà kì í ṣe jàgídíjàgan o. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń tún ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, kò tilẹ̀ fẹ́ràn ọdẹ àgbọ̀nrín tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ń lọ bí òtútù bá ti ń dé. Ẹyọ kan ló kọ́kọ́ rà, ó ní òun ò ní ra òmíràn mọ́. Bí eré bí eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù.

Àwọn tó ń kó irú ìbọn yìí jọ ní àìsàn kan tí mi ò rí lára ẹlòmíì. Wọ́n fẹ́ kí ìbọn pé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìbọn tó bá ti dé ojú ogun á bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe, irin ilé-iṣẹ́ kan á wà lára rẹ̀, irin ilé-iṣẹ́ mìíràn á wà níbẹ̀, igi ìdí rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ìbọn kẹta. Bí ogun ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn wa yìí bá gbé e délé, wọ́n á tú u palẹ̀ pátápátá, wọ́n á gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá sójú, wọ́n á máa ka nọ́ńbà tíńtìntín tó wà lára irin kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ti bá oṣù àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ìbọn náà mu, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì máa wá èyí tó bá a mu káàkiri títí wọn yóò fi rí i. Wọ́n ní àwọn ń dá ìbọn padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde. Kí ló dé tí wọn ò kúkú dá ara tiwọn náà padà?

Lọ́dún 1988, wọ́n ṣe gbàǹjo ẹrù lóko àwọn Lindahl, lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó Einar Lindahl. Einar fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́; ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tó ti ogun Yúróòpù dé ni katakata dojú dé e mọ́lẹ̀ nínú oko rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ láti ogun, ó tú ìbọn tó lò lójú ìjà sí wẹ́wẹ́, ó kì í mọ́ àárín aṣọ nínú àpò ẹrù rẹ̀, ó gbé e wọlé láìbi ẹnikẹ́ni. Gárándì ni, irú èyí tí àwọn sójà wa gbé ja ogun kejì. Arlo ló rà á ní gbàǹjo. Lára igi rẹ̀, níbi tí èèyàn ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé bó bá fẹ́ yìn ín, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ nǹkan sí i. Ẹni tó ń ṣe gbàǹjo pariwo pé orúkọ sójà náà ni. Àwọn bíi Arlo kàn wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ní òfin kan tí wọn kì í rú: ra ìbọn, má ra ìtàn. Ẹnu ẹni ló ń pa ìtàn, ìtàn kò ní nọ́ńbà lára. Nígbà tí Arlo délé, ó rí i pé igi náà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó rọ irin ìbọn, ó sì tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ ọ́. Ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Duane Pfeifer, ó fi gba irin kékeré kan tó ti ń wá lójú méjèèjì.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbà kí ìbọn náà tó pé. Igi tó bá a mu, tí òǹtẹ̀ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ogun ṣì hàn lára rẹ̀ kedere, ọ̀nà jíjìn ló ti rí i. Ó gbé e lọ síbi ìpàtẹ ìbọn, wọ́n fún un ní rìbọ́nì búlúù ti ipò kìíní, oníròyìn ìlú sì wá ya fọ́tò rẹ̀. Níbẹ̀ ni Arlo ti yà sí ibi tí kò yẹ. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn, ó bá sọ fún oníròyìn pé ìbọn tí Einar Lindahl gbé ja ogun nìyí. Ẹni tí kì í ra ìtàn wá di ẹni tó ń ta ìtàn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí fóònù fi dún.

“Ṣé Arlo ni? Ione Lindahl ni, ẹ̀gbọ́n Einar. California ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ tó pẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ló ka ìwé ìròyìn sí mi létí, torí ojú mi méjèèjì ti lọ.”

“Ẹ káàbọ̀ sílé, mà.”

“Einar kọ lẹ́tà sí mi láti inú igbó kan ní Belgium, ó ní òun ti gbẹ́ orúkọ sára igi ìbọn òun, kí wọ́n lè mọ òun bí òun bá kú. Mi ò débi ìsìnkú rẹ̀, Arlo. Òkúta tó wà lórí sàréè rẹ̀, ẹ̀rọ ìjọba ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ọwọ́ Einar ló gbẹ́ ẹ. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án kí n tó lọ, dókítà ò sì ṣèlérí oṣù fún mi.”

Ẹnu Arlo ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. “Ẹ má ṣèyọnu, mà. Màá gbé e wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó pe Duane.

“Duane, igi Lindahl tí mo fún ẹ lọ́jọ́sí, ibo ló wà?”

“Igi wo? Igi tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ju ti inú igbó lọ.”

“Èyí tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sí lára.”

“Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ìyẹn? Mo fi sáńpépà ha á kanlẹ̀, mo fi òróró pa á, ó ń dán bí orí ẹ. Mo fi sára ìbọn kan, mo tà á ní ìlú Fargo fún ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Fìlà pupa. Kí ló tún dé? Ṣebí ìwọ lo ní ìdọ̀tí ni.”

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète; ọ̀ràn balẹ̀, ó dèrò. Arlo jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, kọfí rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

“Pe ìyá náà, kí o sọ òtítọ́ fún un,” Darlene wí.

“Kí n ní kí ni?”

“Ní o yọ ọ́.”

“Bó bá bi mí pé nítorí kí ni ńkọ́?”

Darlene náà wá ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ ọ́ fún arúgbó, kò rí i. Arlo pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pa á kí wọ́n tó gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà ló gbé e fúnra rẹ̀.

“Arlo? Nọ́ọ̀sì ti ń fi ìpara pa ọwọ́ mi láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ní kí ìka mi lè gbọ́ ọ dáadáa.”

“Mo ní kí n kí yín ni, mà,” Arlo wí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó yọ igi pípé náà kúrò lára ìbọn tó gba rìbọ́nì, ó ṣí ọ̀bẹ ìléwọ́ rẹ̀. Ó di ojú, ó ń gbìyànjú láti rántí ohun tó rí lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Àbùkù lojú rẹ̀ ń wá lára igi nígbà yẹn, kò kà á bí èèyàn ṣe ń ka lẹ́tà. Ohun tó rántí kò ju E àti Lindahl lọ. Ohun náà ló gbẹ́. Ó dùn ún, n ò ní parọ́. Ó dùn ún bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń gé, ó sì ń bá a lọ. Ó fi sáńpépà pa etí rẹ̀ kó má mú jù, ó wá fi ìdọ̀tí kọfí kùn ún kó lè dà bí ohun àtijọ́.

Darlene ń wò ó láti orí àtẹ̀gùn. “Arlo,” ó wí jẹ́jẹ́, “ìyá náà ò ríran.”

“Mo mọ̀.” Ó ń kùn ún lọ.

Wọn kì í jẹ́ kí ìbọn wọ ilé àwọn arúgbó, igi nìkan ló wé sínú táwẹ́lì gbé lọ. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà bi í pé, “Bàbá, ẹsẹ̀ tábìlì wo lẹ gbé wá bá wa?” Arlo ò lè rẹ́rìn-ín.

Ione kéré gan-an nínú àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Arlo gbé igi náà lé itan rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìka náà rìn díẹ̀, ó dúró.

“E,” ó wí. “L. I. N.” Ó kà á dé òpin. Omijé ń dà lójú tí kò ríran mọ́. “Einar. Ọmọ ìyá mi.”

Arlo mí kanlẹ̀. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú, nígbà tí ìka náà kúrò lára orúkọ, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí igi ti jọ̀lọ̀.

“Tèmi dà?”

“Mà?”

“Orúkọ mi. Abẹ́ tirẹ̀ ló ní òun gbẹ́ ẹ sí. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ara orúkọ mi ni yóò máa kàn.”

Arlo tún di ojú. Ṣé ìlà méjì ló wà níbẹ̀? Kò mọ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, kò mọ̀.

“Ó lè ti pa rẹ́, mà.”

“Kó pa rẹ́, kí tirẹ̀ má pa rẹ́?” Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó tún fi àtàǹpàkò wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè. “Bóyá ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Bá mi yí i padà, Arlo.”

Arlo yí i padà fún un, ó sì dì í mú, nítorí pé igi náà wúwo fún itan rẹ̀. Ìyá náà tẹríba, ó ń wá orúkọ rẹ̀ lọ.