Ẹni Tó Da Iyọ̀ sí Ẹ̀fọ́ Ìyá Mi

Ọjà Sábó ni mo wà, mò ń ṣa obì sínú agbọ̀n, nígbà tí bàbá aládùúgbò wa ní Akaka pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Tètè máa bọ̀ nílé. Ìyá ẹ ń da iyọ̀ sí oko ẹ̀fọ́."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bu iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìdí tẹ̀tẹ̀, bí ó ṣe máa ń bu ajílẹ̀ òyìnbó sí i. Báàgì iyọ̀ tí mo rà fún un pé kó máa tà níwájú ilé, kó má baà jókòó lásán, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ajílẹ̀ ni mò ń fún un. O ò rí i pé ewé rẹ̀ ń pọ́n ni?"

"Iyọ̀ ni, Màmá. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ebè, ó wá wò mí. "Ta ló da iyọ̀ sí ẹ̀fọ́ mi?"

Ẹ̀fọ́ yìí ló fi tọ́ wa.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti rọ, etí ewé wọn gbẹ bí èyí tí iná jó. Bàbá aládùúgbò, tí í ṣe àgbẹ̀, sọ fún mi pé, "Iyọ̀ kì í jẹrà nínú ilẹ̀. Omi nìkan ló lè gbé e lọ." Ó bá mi la ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ ebè, mo sì ń pọn omi kànga dà sí i ní gbogbo ọjọ́ tí n kò bá lọ sí Sábó. Mo tún gbin tẹ̀tẹ̀. Ó hù, ó ga tó ìka, ó kú.

Ìyẹn kọ́ ló le jù. Lójoojúmọ́ ni ìyá mi ń béèrè ẹni tó ba ilẹ̀ òun jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá, ẹ ṣèèṣì ni." Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lọ́jọ́ kejì ó ti gbàgbé, ó tún béèrè, mo tún sọ òótọ́, ó tún sunkún bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ kẹta, n kò lè ṣe é mọ́.

"Èmi ni," mo ní.

Kò sunkún. "Ìwọ? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo rò pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Orúkọ mi pàápàá sọnù lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé, á sọ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀ pé, "Èyí ló da iyọ̀ sí ẹ̀fọ́ mi." Kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́, àfi tí bàbá náà bá gbé e fún un. Bàbá fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ.

Gbúre ló kọ́kọ́ gbà láti dúró lẹ́yìn òjò ọdún náà. Mo sè é, bàbá gbé e fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn mọ ibi tí ẹ ti já a." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́.

Ìyá mi kú kí ọyẹ́ tó parí. Tẹ̀tẹ̀ ti ń hù báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín oko náà ṣì pá. Mo máa ń já a fún bàbá aládùúgbò wa. Èmi ò tíì lè jẹ ẹ́.