Nígbà Tí Itan Ìyá Mi Rù

Ìyá mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, egungun ìdí rẹ̀ sì dá. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ tí a gbé e délé, mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́, mo wá rí itan tó fi máa ń ru aṣọ òkè tó ń tà gun òkè Mápó. Ó ti rù kan egungun. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí omi ojú mi.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan ni mò ń tọ́jú nínú àwo ní yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ara bá ni wọ́n díẹ̀, wọ́n á máa pèsè èròjà tó ń mú iṣan dàgbà. Bí ìnira bá pọ̀ jù, wọ́n á dáwọ́ rẹ̀ dúró, bí wọn ò ṣe ní í kú ni wọ́n á máa bá kiri. Mo ti rí i nínú àwo láìmọye ìgbà. N kò rí i rí lára ẹni tó bí mi.

Obìnrin kan ń wá láti ọsibítù láti máa bá a gbé ẹsẹ̀ náà sókè sódò. Ìyá mi sunkún.

“Sọ fún un kó fi mí sílẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe?”

“Ìyá, bí iṣan ò bá ríṣẹ́ ṣe, ńṣe ni yóò máa joro.”

Ó ní, “Mo fẹ́ dúró níbi sàréè bàbá rẹ, kí n ṣàdúà fún un. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi débẹ̀ bí ẹrù.”

Ẹ̀yìnkùlé wa ni sàréè náà wà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbìyànjú, àfi ìgbà tí ibà dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí a má dáwọ́ dúró, kí itan má tún rù.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi,” ni mo wí. “Ara tó ń bá ibà jà kò ráyè iṣan.”

A ń fún un lẹ́kọ, ẹ̀wà àti ẹja. Nígbà tí ibà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a pe obìnrin náà padà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú nígbà tó fi èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ọ̀pá lọ síbi sàréè lẹ́yìnkùlé.

“Ẹ fi mí sílẹ̀,” ó ní.

A fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó ka Fàtíà parí lórí ìdúró. Kò tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fún un ní àga, ó jókòó, ó ní kí n bu omi wá fún òun.