Ẹni Tí Kì Í Kánjú Yọ Dísìkì: Fún Masẹ́ẹ̀lì Ọ̀jọ́, Ọkọ Mi

Yéè! Masẹ́ẹ̀lì, ṣé bí a ṣe máa pínyà nìyí? Ó dìgbà tí Ọlọ́run bá tún jẹ́ kí a fojú kanra, Bàbá Ìbùkún, nítorí ní tèmi, ojú mi ò tíì kúrò lọ́nà.

Ọmọ Atakpamé tó wá kàwé ní Lomé, tó sì fi Lomé ṣe ilé. Ọkùnrin tútù bí omi àmù, tí kì í gbé ohùn sókè bí inú tilẹ̀ ń bí i. Nígbà tí o kọ́kọ́ wá tọrọ mi, ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Lomé, tẹ́tí sí Ifẹ̀, èdè Atakpamé, tí o ń sọ, ó ní, "Ṣé Yorùbá ni àbí orin ni ọmọ yìí ń kọ?" O tún dọ̀bálẹ̀, o ní, "Màmá, orin ni. Ọmọ yín ni ègbè rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń pè ọ́ ní Olórin, bẹ́ẹ̀ ohùn orin rẹ ò dára rárá! Gbogbo ìjọ wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni mi ò ní fún ẹni tó bá lè jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o máa kọ ọ́ ní àkọdànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí àwa ará Lomé ń pè ní ọ̀dínátọ̀, ni Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ. Ní àdúgbò Nyékonakpoè ní Lomé, nínú ọ́fíìsì kékeré kan, ni o ti ń bá àgbàlagbà kan ṣiṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olùkọ́. Bàbá yìí ti rin gbogbo abúlé tó yí Atakpamé ká, ó ń gba ọ̀rọ̀ àti àlọ́ Ifẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Ohun tó gbà ni o ń kó sínú ẹ̀rọ fún un. Dísìkì méjì ni o so pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, kí ohun tí ẹ bá kọ sí ọ̀kan máa wà nínú ìkejì pẹ̀lú, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á dúró.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa dojú rú ní Tógò. Ìyanṣẹ́lódì ti gbogbo ilé iṣẹ́ pa. Ọjà Adewui, tí ariwo rẹ̀ ti máa ń jí wa, dákẹ́ pátápátá. A ń gbọ́ ìró ìbọn lápá etí òkun. Àwọn aládùúgbò ń di ẹrù, àwọn kan kọjú sí Gánà, àwọn kan sí Bẹ̀nẹ̀. Oyún wà nínú mi, ó ti wọ oṣù ìbí. Ìwọ àti èmi pinnu pé a ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ nígbà tí Bàbá Olùkọ́ wọlé láìwọ bàtà. Wọ́n ti jó ilé rẹ̀. Gbogbo ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ìgbà èwe ti di eérú. Ó ní, "Masẹ́ẹ̀lì, ó ku ti inú ọ̀dínátọ̀ nìkan. Mo sì débẹ̀ lánàá, ẹ̀rọ náà ò dáhùn mọ́." Ó jókòó sórí àpótí aṣọ wa, ó ń dárúkọ àwọn ìyá àgbà tó ti kú lára àwọn tó fún un lọ́rọ̀. Ó ní, "Ta ni mo tún fẹ́ lọ bi báyìí?"

O wò mí. Mo ṣì ń rí ojú yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí o wá bá mi o." O ní, "Màá wá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn." O sin èmi àti ìyá mi dé Akodessewa, níbi tí a ti rí ọkọ̀. O bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ, o ká a, o fi tì mí lẹ́yìn kí ìjókòó má baà dùn mí. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn títí mi ò fi rí ọ mọ́.

Ọkọ mi, ìwọ ò mọ bí Àjàṣẹ́ ṣe rí fún mi. Kò sí tẹlifóònù tó wọlé. Ọkọ̀ tó bá ti ọ̀nà Lomé dé, màá dìde. Màá wo ẹni tó sọ̀, màá tún jókòó. Ibẹ̀ ni mo bímọ sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, mo bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fi orúkọ kan sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Àǹtí mi wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú.

Ohun tí o bá ní ọ́fíìsì, ìgbẹ̀yìn ni o sọ fún mi. Ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ sójú pé dísìkì oókan bàjẹ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ kan fẹ́ ṣèrànwọ́ kí òun náà tó sá kúrò nílùú, ó tú ẹ̀rọ, ó yọ dísìkì àkọ́kọ́, ó gbé e sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n láti òdo ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀. Èyí tó pè ní oókan, ìkejì ni lójú ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ èyí tó sàn, wọ́n wá fi èyí tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ kó máa dá ẹrù gbé. Kò pẹ́ tí òun náà fi dákẹ́. O ò bú ẹnikẹ́ni. O ní, "Ìbọn ń dún létí ẹ̀, ó sì tún dúró ṣe nǹkan. Ó gbìyànjú." O yẹ wáyà wò, o yẹ ibi tí iná ń gbà wọlé wò. O ka nọ́ńbà tó wà lára dísìkì kọ̀ọ̀kan, o fi wé èyí tí ẹ̀rọ mọ̀. Ìgbà tó dá ọ lójú ni o tó gbé èyí tó wà lórí tábìlì padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀rọ náà jí. Bàbá Olùkọ́ bú sẹ́kún.

Bàbá ní kí ẹ wá dísìkì mìíràn kíá, kí wọ́n tún di méjì. O ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Gbogbo ẹrù ló wà lọ́rùn èyí tó kù yìí. Bí a bá ní kó máa gbin ara ẹ̀ sínú òmíràn báyìí, iṣẹ́ ńlá ni, ó lè kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú ẹ̀ síbòmíràn." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń dà á sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwọn pẹlẹbẹ ìgbà yẹn tí ọ̀kan ò lè gba nǹkan tó pọ̀. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Bí iná bá lọ, Bàbá Olùkọ́ á máa sọ irú ẹni tí ìyá àgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ là jẹ́, àti ohun tó gbé fún un jẹ lọ́jọ́ náà. Bí iná bá dé, ẹ ó tún tẹ̀ síwájú. Àwọn àlọ́ kan wà tí dísìkì náà kọ̀ láti kà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. O ò yéé dárò wọn.

Nígbà tí o wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, sójà kan ní ẹnubodè tú àpò rẹ, ó rí àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, àbí?" O ní, "Rárá o, ọ̀gá. Àlọ́ ni." Ó ní, "Irọ́ ni. Pa ọ̀kan." Ìwọ tójú ń tì láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò, o dúró nínú oòrùn, o fi Faransé pa àlọ́ eku tó lọ fẹ́ ọmọ ológbò, o sì fi Ifẹ̀ dá orin rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà ń gbè é. Sójà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Má kọrin mọ́, bàbá. Kọjá."

O dé Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án, o rù kan egungun. Mo pọn ọmọ, mo ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò lè dìde. Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ tì mí níbẹ̀, o gba ọmọ, o wò ó títí, o ní, "Ìbùkún." Orúkọ tí mo pa mọ́ dè ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ tí a padà sí Lomé, o wá dísìkì tuntun, ẹ̀rọ náà tún di olódìdì. Ìwé àlọ́ náà jáde, Bàbá Olùkọ́ sì fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó lọ sinmi. O ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ. Nígbà tí Línúùsì, ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà, dé, o jókòó tì í bí ọmọ iléèwé. Àwọn ènìyàn ń gbé ẹ̀rọ tí dísìkì rẹ̀ ti wó wá bá ọ, wọ́n ń kánjú, o ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná. Kí ni ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ wí?" O máa ń pe dísìkì méjì tó so pọ̀ ní ìbejì, o ń kìlọ̀ fún wọn pé, "Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lára Táíwò ti pa rẹ́ lára Kẹ́hìndé. Ẹ tún tọ́jú ẹ̀ síbòmíràn." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọ́ràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà níbi ìsìnkú yìí, wọ́n ń fi aṣọ nu ojú.

Ọkàn rẹ ló ṣàárẹ̀. Àwọn dókítà ṣe tiwọn. O dì mí lọ́wọ́ mú, o ní, "Má jẹ́ kí wọ́n sáré kankan nítorí mi." Títí dé òpin, ìwọ náà ni.

Olówó orí mi, bàbá ọmọ mi, ọ̀rẹ́ tí mo fi ṣe ìbátan, ilé ti fẹ̀ jù fún mi. Mo ṣì ń po tíì ife méjì láàárọ̀. Mo ń sún mọ́ ògiri kí àyè rẹ lè tó lórí ibùsùn. Ìgbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́, mo mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ máa gbà dé. Èyí tí o lọ yìí, mi ò mọ apá ibi tí mo lè kọjú sí.

Lánàá mo lọ ra ẹja. Obìnrin tí a jọ máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ó kí mi, ó ní, "Ça va, Màmá? Bàbá ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà nílé."

Mi ò purọ́, Masẹ́ẹ̀lì. Ilé ni o wà. Èmi ni mo ṣì kù lẹ́yìn. Máa sùn re o, olólùfẹ́ mi, sùn re o.