Ẹni Tó Ń Wẹ̀ Kẹ́yìn

Nílé ọkọ Tokie, omi ìwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń wọ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n á fọ ara wọn mọ́ tónítóní níta ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá ná, kí wọ́n tó wọnú omi gbígbóná lọ jókòó. Bàbá ọkọ ló ń ṣíwájú, ọkọ á tẹ̀ lé e, àwọn ọmọkùnrin, lẹ́yìn náà ìyá ọkọ. Ìyàwó ilé ló ń gbẹ̀yìn. Tokie tó ń dáná sí omi, tó ń ké pé, "Omi ti gbóná o!", òun gan-an ni kì í bá ooru rẹ̀. Ẹ ò rí ayé!

Àwọn àgbà kú tán, àwọn ọmọ kó lọ sí Tokyo. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́dún yìí, Kanjiro ọkọ rẹ̀ náà kú.

Fusae aládùúgbò rẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ bò. "Ìwọ Tokie yìí, ta lo tún ń dúró dè? Ilé ti di tìẹ. Lọ wọ omi gbígbóná, kára tù ọ́, jàre!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tokie fọ ara rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ ọpọ́n. Kíá ló fà á yọ. Omi náà ta á bí iná. Ara tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbà á?

Ó wọṣọ padà. Ó kọjú sínú ilé, ó ké bó ṣe máa ń ké: "Omi ti gbóná o!"

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ń dúró kí gbogbo wọn, òkú àti alààyè, wẹ̀ tán.